Bí Ọ̀rọ̀ Akéwì Ṣe Ń Di Ìwé
(Ọ̀rọ̀ tí a kà ní ìpàdé gbogboogbò Ẹgbẹ́ ní Adégbayì)

Orí-ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé wa fún mi ni ewì àti ìwé títẹ̀. Nígbà tí mo gba ìwé rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ohun tí ó tíì fi ojú mi rí tó èyí láyé. N óò sọ ohun tí ojú mi rí kí n tó jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ sí ìgboro Ìbàdàn ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Ní ọdún 1924 ni ìwé ìròyìn kan bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní Ìbàdàn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Yoruba News. Ọ̀gbẹ́ni Dénrelé Adétìmíkàn Ọbasá ni olóòtú rẹ̀, òun náà ni ó sì ni ilé ìtẹ̀wé tí a ń pè ní Ìlárè Press. A bí ọkùnrin yìí ní ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1870. Láti nǹkan bí ọdún 1896, nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, ni ó ti ń lọ káàkiri tí ó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, tí ó sì ń kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀: òwe, oríkì, orin, àti gbólóhùn tí ènìyàn ń sọ lọ́nà ọjà tí kò sí ẹni tí ó kà á sí. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọdún 1927 ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún gbọ́ kí ó tó fi ìwé sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́. Àwọn ará Ẹ̀gbá ti la ọ̀nà náà ṣáájú, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ní ọdún 1854, tí Ìwé Ìròhìn sì bẹ̀rẹ̀ ní 1859. Akéwì kan wà láàárín wọn tí ń jẹ́ Aríbilóṣòó, ẹnu ni ó fi ń ké tirẹ̀. Ní ọdún 1886 ni Emmanuel Moses Líjàdù kó àwọn orin náà jọ sínú ìwé kékeré kan. Lẹ́yìn èyí ni Ṣóbò Aróbíodu, ọmọ Ẹ̀gbá bákan náà, ń tẹ àròfọ̀ tirẹ̀ jáde ní ìwé pẹlẹbẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900. Mo fẹ́ kí ẹ ṣe àkíyèsí Líjàdù dáadáa. Bí kò bá sí ẹni tí ó mú kálàmù, kí ni à bá mọ̀ nípa Aríbilóṣòó lónìí? N óò padà sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí ó jẹ́ ìyanu lójú mi nínú iṣẹ́ Ọbasá ni ọ̀nà tí ó gbé e gbà. Kò jókòó sí ilé rẹ̀ títí ìwé yóò fi pé kí ó tó jù ú sáàárín ìlú bí ẹni ju òkò sínú odò. Inú ìwé ìròyìn rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ ń tẹ ewì, díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ìròyìn ìgbìmọ̀ ìlú, ọ̀rọ̀ owó orí àti ìkéde òkú. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ reluwé ń kà á, olùkọ́ ń kà á, oníṣòwò ń kà á fún ìyàwó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ìwé fi máa jáde, àwọn ènìyàn ti mọ adùn ọbẹ̀ náà, wọ́n sì ti ń béèrè ìgbà tí a óò sè é ní ìkòkò ńlá. Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì jáde ní 1927, Ìwé Kejì ní 1934, Ìwé Kẹta ní 1945, ọdún tí ó kú gan-an.

Ẹ gbọ́ orúkọ ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. “Ti Àwọn Akéwì” ni ó pè é. Kò pè é ní ti Ọbasá. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti jiyàn lórí èyí láti ìgbà pípẹ́: àwọn kan ní akójọ lásán ni Ọbasá, pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni ó tò sí abẹ́ orí-ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn ní akéwì ni, nítorí ẹni tí ó mọ èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú àti èyí tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e ti ṣe iṣẹ́ akéwì, àti pé ó fi tirẹ̀ kún un. Èmi gbà pẹ̀lú àwọn ìkejì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kan wa lálẹ́ òní ni pé ọkùnrin yìí fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ lára èèpo ìwé pé àwọn ẹlòmíràn wà lẹ́yìn òun.

Òótọ́ sì ni, wọ́n wà. Ọbasá wà nínú ẹgbẹ́ kan ní Ìbàdàn tí a ń pè ní Ẹgbẹ́ Àgbà-ò-tán, àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú tí ó kóra jọ láti máa wádìí ìtàn àti àṣà, kí àwọn tí ó kàwé má baà sọ ìwà baba wọn nù. Isaac Babalọlá Akínyẹlé wà nínú wọn, ẹni tí ó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní ọdún 1911, tí ó sì di Olúbàdàn ní 1955. Ẹ̀yin Ìjòyè wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tí ó jókòó lórí ìtẹ́ Ìbàdàn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó sì ti jókòó pẹ̀lú àwọn akéwì nínú ẹgbẹ́ kan náà.

Ní ìgbà yẹn náà ni ìwé ìròyìn Yorùbá ń hù ní Èkó bí olú. Èkó Àkéte bẹ̀rẹ̀ ní 1922, Ẹlẹ́tì Ọfẹ ní 1923, Akéde Èkó ti Isaac Thomas ní 1928. Inú wọn ni ẹni tí ó wà ní ìlú kan ti ń kọ lẹ́tà sí olóòtú, tí ẹni tí ó wà ní ìlú mìíràn sì ń dá a lóhùn. Báyìí ni òǹkọ̀wé tí kò fojú kan òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ṣe ń mọ orúkọ rẹ̀, tí ó sì ń mọ irú ọ̀rọ̀ tí ó máa ń sọ.

Ó tó wàyí láti sọ tèmi.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, mo kọ ewì mọ́kànlélógójì. N kò fi han ẹnikẹ́ni. Mo rò pé bí mo bá fi hàn, wọn yóò jí i kọ. Ẹ wo ìgbéraga! Mo kó owó kòkó ọdún méjì lọ fún ilé ìtẹ̀wé kan tí n kò ní dárúkọ, kí wọn tẹ ẹ̀dà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fún mi. Wọ́n ní kí n wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi lọ, tí mo ń bọ̀. Nígbà tí ìwé dé, n kò rí àmì ohùn kan lórí ọ̀rọ̀ kan. Ewì kan wà níbẹ̀ tí mo fi yin ọkọ́ bàbá mi, ọkọ́ tí ó fi ro oko tí ó fi rán mi nílé-ìwé. Láìsí àmì, àwọn ènìyàn kà á sí ọkọ bàbá mi. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí mo ń kọ́ rẹ́rìn-ín jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò lè dá òǹtẹ̀wé nìkan lẹ́bi, nítorí kò fi ìwé àyẹ̀wò hàn mí, èmi náà kò sì béèrè.

Mo fi ẹ̀dà bí ọgọ́rùn-ún tọrẹ. Mo ta bí ọgọ́ta. Ìyókù wà lábẹ́ ibùsùn mi títí ikán fi bá mi kà á. Fún ọdún púpọ̀ ni mo fi ń sọ pé àwọn ènìyàn wa kò fẹ́ràn ìwé. Irọ́ ni mo ń pa. Ohun tí ó ṣe ìwé mi ni pé kò sí ẹnì kan ṣoṣo láyé tí ó ń retí rẹ̀. Àwọn òǹkàwé Ọbasá ti ń retí tirẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Èmi jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo sì gbé ẹrù lé orí ìlú láìkí i.

Èyí tí ó dùn mí jù kò tíì sí nínú èyí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà ní oko wa lẹ́yìn Èrúnmu, ọdẹ ni, ó sì mọ ìjálá ju ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo lọ bá a, ó kì àgbọ̀nrín fún mi ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo kọ ojú-ewé méjì. Ilẹ̀ ṣú. Ó ní kí n padà wá nígbà tí a bá ká kòkó tán. N kò padà. Iṣẹ́ ilé-ìwé pọ̀, ìdánwò ń bọ̀, ọ̀nà oko kò dára. Nígbà tí mo padà, ìsìnkú rẹ̀ ni mo lọ. Oríkì náà dúró ní àárín gbólóhùn, kò sì sí ọmọ rẹ̀ tí ó lè parí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ ṣe àkíyèsí Líjàdù.

Àwọn kan lè ní ayé Ọbasá yàtọ̀ sí tiwa. Ẹ jẹ́ kí a wo èyí tí ó sún mọ́ wa díẹ̀. Ní ìlú Ìbàdàn yìí kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ewì ti kóra jọ ní ọdún 1961 tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀. Wọlé Ṣóyínká wà níbẹ̀, Christopher Okigbo, J. P. Clark àti Chinua Achebe wà níbẹ̀, pẹ̀lú Ulli Beier ará Jámánì, àti Ezekiel Mphahlele tí ó ti Gúúsù Áfíríkà wá. Ìwé àtìgbàdégbà kan, Black Orpheus, ti wà láti 1957 tí ń tẹ iṣẹ́ irú wọn. Wọ́n ní ibi ìpàdé, wọ́n sì ń tẹ ìwé fúnra wọn: ìwé ewì Okigbo tí a ń pè ní Heavensgate jáde lọ́dọ̀ wọn ní 1962, àti ti Clark ní ọdún kan náà. Ní 1963, nígbà tí ìjọba Gúúsù Áfíríkà ti Dennis Brutus mọ́lé, Ìbàdàn ni a ti tẹ ìwé ewì rẹ̀. Ẹ kò rí i bí ẹgbẹ́ àwọn akéwì ní ìlú kan ṣe lè nawọ́ dé inú ẹ̀wọ̀n ní ìlú mìíràn?

Ṣùgbọ́n níbo ni owó wọn ti wá? Apá kan nínú rẹ̀ wá láti ọwọ́ àjọ kan ní òkèèrè tí ń jẹ́ Congress for Cultural Freedom. Ní 1966 àti 1967 ni àṣírí tú pé CIA, ilé iṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, ni ó wà lẹ́yìn owó àjọ náà. N kò sọ èyí láti bu àwọn akéwì náà kù, nítorí iṣẹ́ wọn dára, àwọn fúnra wọn kò sì mọ ibi tí omi náà ti ṣàn wá. Mo sọ ọ́ nítorí pé owó Ọbasá wá láti ọwọ́ ẹni tí ó ra ìwé ìròyìn rẹ̀ ní Ìbàdàn àti ẹni tí ó gbé ìwé wá kí ó tẹ̀ ẹ́ fún un. Èmi fẹ́ràn owó yìí jù, bí ó tilẹ̀ kéré.

Àwọn tí ó kọ ní Yorùbá náà kò sùn. Ní 1969 ni Adéagbo Akínjógbìn ṣe olóòtú Ewì Ìwòyí, níbi tí akéwì púpọ̀ ti wà nínú èèpo kan ṣoṣo. Ọdún yẹn náà ni Àádọ́ta Àròfọ̀ ti Afọlábí Ọlábímtán jáde. Lánrewájú Adépọ̀jù, tí a bí ní abúlé kan ní ilẹ̀ Ìbàdàn wa yìí ní 1940, kò rí ilé-ìwé lọ bí ọmọ ẹlòmíràn. Ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà, ó ké ewì lórí rédíò, ìwé rẹ̀ Ìrònú Akéwì jáde ní 1972, lẹ́yìn náà ni ó gbé ewì lé orí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tí a fi ń gbọ́ ọ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá títí ó fi kú ní 2023. Ọmọ abúlé ni. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ìlú ńlá nìkan ni ewì ti ń jáde. Ẹ sì wò ó pé lórí rédíò ni àwọn ènìyàn ti mọ ohùn rẹ̀.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi ewì sórí fóònù, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń gbọ́ ọ. N kò lòdì sí i. Àwọn ọ̀dọ́ kan tilẹ̀ dá ẹgbẹ́ Àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹ̀bùn fún ẹni tí ó bá kọ ìwé Yorùbá tí ó dára. Ẹ̀yin akéwì kékeré, ẹ wá wọn kàn, ẹ kọ̀wé sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé fóònù ń bọ́ sínú omi.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin Ìjòyè, ẹ má bínú sí mi. Nígbà tí a bá ń ṣe ìwúyè, a máa ń pe akéwì. Yóò kì wá, orí wa yóò wú, a óò lẹ owó mọ́ ọn níwájú. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò sí ẹni tí ó rántí ohun tí ó wí. Owó tí a ń ná lórí ewì ní ọjọ́ kan yìí tó láti tẹ ìwé. Èmi kò ní kí a má kì yín mọ́. Oríkì yín ni ìtàn wa. Mo ní kí oríkì náà wọ inú ìwé, kí ọmọ ọmọ yín lè rí i kà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ Ẹgbẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ kí a yọ̀ǹda ojú-ewé kan fún ewì nínú ìwé ìròyìn oṣooṣù wa, láti inú èyí tí ń bọ̀. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú Ìgbìmọ̀ ń sọ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀nà àti ilé-ìwé ni ìwé náà wà fún, kì í ṣe fún eré. Ọbasá tẹ ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú àti ewì sínú bébà kan náà, kò sì sí èyí tí ó ba èkejì jẹ́. Bí ẹni tí ó mú ewì wá bá gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà kan, kí a tẹ orúkọ àgbà náà àti abúlé rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Kí ojú-ewé yìí má sì jẹ́ ti ìyìn nìkan. Bí akéwì kan bá bá wa wí pé a ta ilẹ̀ oko tán, kí olóòtú tẹ ẹ́, bí ó tilẹ̀ ta wá lára.

Ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí àwọn tí ń kọ máa péjọ, ní Adégbayì níhìn-ín ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Lálúpọn, ní Akanran, àní ní Mọ́níyà bí ọ̀nà bá gbà wá. Kí olúkúlùkù ka tirẹ̀ sókè, kí àwọn yòókù sọ ibi tí kò ti yé wọn. Bí mo bá ti ka ọ̀rọ̀ ọkọ́ bàbá mi sí etí ènìyàn márùn-ún, tí mo sì fi ìwé náà lé wọn lọ́wọ́, n kò ní fi ọgbọ̀n ọdún jẹ́ ẹni ẹ̀rín.

Lẹ́yìn ọdún méjì, a óò ti ní ewì tí ó tó ìwé. Nígbà náà ni kí a ṣí ìwé orúkọ, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀dà san owó rẹ̀ ṣáájú, kí a tó lọ bá òǹtẹ̀wé. Iye àwọn tí ó san ni iye tí a óò tẹ̀, pẹ̀lú díẹ̀ lé e. Ikán kò ní rí nǹkan jẹ. Kí a má sì fọwọ́ sí ìwé kan láìrí ìwé àyẹ̀wò, kí ẹni méjì kà á, kí ẹnì kan máa wo àmì nìkan. Kí a gba nọ́ńbà ISBN fún un lọ́wọ́ National Library of Nigeria, kí a sì fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn gẹ́gẹ́ bí òfin 1970 ti wí, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ ẹlòmíràn yóò ti bá a nígbà tí gbogbo wa bá ti lọ. Ẹ̀rù kò sì yẹ kí ó ba ẹnikẹ́ni pé a óò jí tirẹ̀: gẹ́gẹ́ bí òfin 2022 nílẹ̀ wa, ìwé tí ènìyàn kọ jẹ́ tirẹ̀ títí yóò fi kú, ó sì jẹ́ ti àwọn àrólé rẹ̀ fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Òfin yìí ì bá ti wò mí sàn nígbà tí mo ń fi ewì mi pamọ́ bí olè.

Alága, mo bẹ̀ yín pé kí a dìbò lórí ọ̀rọ̀ ojú-ewé náà kí a tó túká lálẹ́ yìí, kí a má fi sílẹ̀ di ìgbà tí a bá ká kòkó tán. Mo ti mú ojú-ewé méjì tí mo kọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá, ó wà lórí tábìlì Akọ̀wé. Bí ẹnikẹ́ni láti Èrúnmu tàbí Lálúpọn bá mọ èyí tí ó kù nínú oríkì àgbọ̀nrín náà, kí ó jọ̀wọ́ wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé. Kálàmù wà lọ́wọ́ mi.